Ìdun, eku àti ikán nínú ilé àyágbé: ta ló ni owó oògùn, onílé ni àbí ayálégbé?

Kò sí ohun tó tètè ń da onílé àti ayálégbé rú bíi kí kòkòrò wọ ilé. Ti owó ilé rọrùn, iye rẹ̀ ti wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìdun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ àwọn ọmọ lóru, kí eku gé wáyà fíríìjì, tàbí kí ikán jẹ férémù ilẹ̀kùn débi tí ilẹ̀kùn ò fi ní ṣeé tì mọ́. Kíá lọ̀rọ̀ á ti di "ẹ̀yin lẹ kó o wọlé" àti "inú ilé yín ni mo bá a".

Lórí afẹ́fẹ́, tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ìbéèrè yìí kì í wọ́n: ta ló yẹ kó sanwó àwọn tó ń fín oògùn? Àwọn kan gbà pé onílé ni, torí òun ló ni ilé. Àwọn mìíràn ní ẹni tó ń sùn nínú rẹ̀ ni.

Èrò tiwa rèé: ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí kòkòrò náà gbà wọlé. Ẹni tí àtúnṣe ibẹ̀ bá já lé léjìká ni owó oògùn tọ́ sí. Ó ṣe tán, àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ta ló wá ni ògiri? Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà láwọn ibi tó ti lọ́ pọ̀, pàápàá tó bá kan ìdun, ẹ jẹ́ ká tú u díẹ̀díẹ̀.

Ohun tí òfin Èkó sọ

A mú Èkó ṣe àpẹẹrẹ torí ibẹ̀ ni ayálégbé pọ̀ sí. Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé níbẹ̀ ni èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011. Ó kan gbogbo ìpínlẹ̀ náà àyàfi Apápá, Ìkẹjà GRA, Ìkòyí àti Victoria Island. Tí ẹ bá ka òfin yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ ò ní rí eku níbẹ̀, ẹ ò sì ní rí ìdun. Kò dárúkọ kòkòrò kankan. Ohun tó ṣe ni pé ó pín ilé sí méjì.

Ìpín keje sọ ojúṣe ayálégbé. Ó ní kó máa tọ́jú ilé tó gbà kó lè wà ní ipò tó ṣeé gbé, yàtọ̀ sí ohun tó bá gbó fúnra rẹ̀ nítorí lílò. Ó tún ní tí nǹkan ńlá bá bàjẹ́ lára ilé, kí ayálégbé tètè fi tó onílé létí. Ìpín kẹjọ ló wá kan onílé: òun ni yóò máa tún ìta ilé ṣe, òun náà ni yóò máa tọ́jú gbogbo ibi tí àwọn ayálégbé jọ ń lò. Kò gbọdọ̀ da ìfọ̀kànbalẹ̀ ayálégbé láàmú, kò sì gbọdọ̀ gé ohun tí gbogbo ilé jọ ń lò.

Kí ni ìta ilé? Òrùlé, ògiri ìta, gọ́tà àyíká, sọ́kàwéè. Kí ni ibi tí ẹ jọ ń lò? Pásééjì, kíṣìnì àjùmọ̀lò, bálùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí yàrá mẹ́jọ ń tò sí lówùúrọ̀. Èyí tó kù, ìyẹn inú yàrá yín, ọwọ́ yín ló wà.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀rẹ̀ ìpín keje yẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Ó ní àyàfi tí adéhùn tí ẹ̀yin méjèèjì ṣe bá sọ ohun mìíràn. Ìwé àgírímẹ́ǹtì tí ẹ́jẹ́ǹtì gbé síwájú yín, tí ẹ kàn ń wá ibi tí ẹ máa buwọ́ lù nínú rẹ̀, òun gan-an lẹ fẹ́ wò dáadáa yẹn. Tó bá wà níbẹ̀ pé ayálégbé ni yóò máa fín ilé lọ́dọọdún, tí ẹ sì buwọ́ lù ú, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀.

Àwọn tó ń gbé inú ẹ́sítéètì tàbí fúláàtì tí wọ́n ti ń gba owó ìtọ́jú ilé ní ohun mìíràn láti mọ̀. Ìpín kẹwàá òfin yẹn sọ pé onílé tó bá gba irú owó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ já rísíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí ìwé tó sọ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ béèrè ìwé yẹn. Tí owó fífín oògùn bá wà lára rẹ̀, ẹ ti sanwó nìyẹn, kò sí ìdí tí ẹ ó fi san án lẹ́ẹ̀kejì.

Ikán àti eku: ti ilé ni

Ikán kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì fẹ́ràn ọ̀rinrin. Láti abẹ́ ìpìlẹ̀ ló ti ń fi amọ̀ ṣe ọ̀nà tóóró gòkè lára ògiri títí á fi débi igi. Fífín oògùn sára férémù nìkan kò tó, torí ilé rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀ àyíká ìpìlẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ da oògùn sí, bẹ́ẹ̀ ayálégbé kankan ò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gbẹ́ ìdí ilé onílé. Onílé ló ni í. Ibi tí ayálégbé ti lè jẹ̀bi ni kó rí ọ̀nà amọ̀ yẹn lára ògiri ní January, kó dákẹ́, kí pákó òrùlé tó wá já ní December. Òfin ní kó sọ. Tí kò bá sọ, onílé náà máa ní ẹnu láti fọhùn.

Eku díjú díẹ̀. Eku kékeré inú ilé lè gba inú ihò tí kò tóbi ju ìdí pẹ́ńsù lọ kọjá, eku ńlá sì lè gba ibi tí àtàǹpàkò bá ti wọ̀. Ẹ wo ibi tí páìpù omi gbà wọ kíṣìnì, ẹ wo ìdérí sọ́kàwéè tó ti fọ́, ẹ wo etí sílíǹ lókè, ẹ wo abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Tí ihò bá wà níbẹ̀, ẹ lè ra oògùn eku ọdún mẹ́ta, òmíràn á máa wọlé. Eku kan ń lóyún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó sì lè bí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́ẹ̀kan. Bíríkìlà àti símẹ́ńtì ni oògùn àkọ́kọ́, iṣẹ́ onílé nìyẹn sì ni.

Ṣùgbọ́n onílé náà ní ọ̀rọ̀ tó lè sọ. Tó bá wọ ilé yín tó rí àpò ìrẹsì lẹ́nu ṣíṣí, ìkòkò ọbẹ̀ àná láìdé, àti pàǹtírí ọjọ́ mẹ́rin nídìí ilẹ̀kùn, ó máa béèrè pé ta ló ń bọ́ wọn. Níbi báyìí, ká pín owó náà sí méjì ló bójú mu: onílé á dí ihò, ayálégbé á ra tàkúté àti oògùn.

A kì í fi ọ̀rọ̀ eku ṣeré nílẹ̀ wa. Ibà Lassa, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno pè lẹ́yìn tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lọ́dún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ló ti ń ràn mọ́ èèyàn, ìpínlẹ̀ Òǹdó sì wà lára ibi tó ti ń jà jù. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ mọ ohun tí à ń sọ. Èkó náà ti rí tirẹ̀ rí. Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí yọ̀rọ̀ ara eku ń gbé kiri wọ ìlú náà, ó sì bá wọn fínra fún ọdún bíi mélòó kan. Ìjọba amúnisìn dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 1928, Lagos Executive Development Board, kó lè wó àwọn ilé tó há mọ́ra ní Erékùṣù Èkó kó sì tún ibẹ̀ tò. Lára iṣẹ́ yẹn ni àdúgbò Yábàá ti jáde. Ẹ rí i pé láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ eku, ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni. Ìwà ìdọ̀tí ẹnì kan nìkan kọ́.

Aáyán àti ẹ̀fọn

A ò ní pẹ́ níbí. Oúnjẹ àti omi inú kíṣìnì ló ń fa aáyán, ayálégbé ló sì yẹ kó bójú tó o, àyàfi tó bá jẹ́ pé ojú ṣáláńgá tàbí kòtò omi ìdọ̀tí tí gbogbo ilé jọ ń lò ló ti ń tú jáde. Ní ti ẹ̀fọn, ẹ wá ibi tí tanwíjí wà. Tó bá wà nínú gọ́tà tó dí, onílé. Tó bá wà nínú dúrọ́ọ̀mù tàbí táyà tí ẹ gbé sẹ́yìn ilé yín, ẹ da omi yẹn nù lónìí, torí láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin rẹ̀ ti ń di ẹ̀fọn tó ń fò.

Ìdun: ibi tí wàhálà wà

Ìdun kò níyẹ̀ẹ́, kì í fò. Ẹrù ló ń bá wọlé: bẹ́ẹ̀dì àlòkù, àga tí ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó ń kó lọ, báàgì tó ti jókòó nínú bọ́ọ̀sì tàbí hòsítẹ́ẹ̀lì, àlejò tó wá sùn. Ìdọ̀tí kọ́ ló ń fà á. Ilé tó mọ́ tónítóní lè ní ìdun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dójú tì yín. Àwọn onímọ̀ ìlera ò tíì rí àrùn tí jíjẹ rẹ̀ ń kó ran èèyàn, àmọ́ oorun ló ń gbà, kò sì sí ọmọ tí kò sùn lóru tó lè jókòó dáadáa ní kíláàsì.

Ta ló kó o wá? Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti ń le. Ìdun lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù láìmu ẹ̀jẹ̀, nítorí náà ayálégbé àná lè ti kó jáde kí tirẹ̀ ṣì wà nínú ògiri. Ẹ̀rí tó sún mọ́ òótọ́ jù ni ọjọ́ àti àmì. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ kó wọlé ni ìdun ti ń jẹ yín, tí ẹ sì rí àmì dúdú wẹ́wẹ́ bí ẹni fi bírò tó o sójú ihò ìṣó àti inú lílà ògiri, wọ́n ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti gbébẹ̀ lọ́dún mẹ́ta, tí ẹ ra fóòmù àlòkù lóṣù tó kọjá, tí àmì náà sì wà lára fóòmù nìkan, owó yín ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kọ́ọ̀tù rí, ó sì ti pẹ́. Òfin Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú òfin ilé wa ti ṣẹ̀ wá, ìdí nìyẹn tí àwọn lọ́yà wa ṣì ń mẹ́nu ba àwọn ẹjọ́ àtijọ́ ìlú Òyìnbó. Nínú ẹjọ́ kan tí wọ́n dá lọ́dún 1843, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Sir Thomas Marrable ti gba ilé kan ní Brighton fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ilé tí àga àti bẹ́ẹ̀dì ti wà nínú rẹ̀. Ìdun ò jẹ́ kí ìdílé rẹ̀ gbádùn. Ó sanwó ọ̀sẹ̀ kan, ó kó jáde. Onílé, Smith, gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé kó san ìyókù. Adájọ́ ní kò jẹ gbèsè, torí ẹni tó bá fi ilé tó ti ní bẹ́ẹ̀dì àti àga háyà ti ṣèlérí láìfẹnu sọ ọ́ pé ilé náà ṣeé gbé.

Ó dùn mọ́ ayálégbé nínú, àbí? Ẹ dúró ná. Kò pẹ́ sígbà náà ni ẹjọ́ Hart àti Windsor dé, ìdun náà ló fà á. Ṣùgbọ́n ilé tòun ṣófo nígbà tó gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ẹjọ́ ní ẹni tó gba ilé òfìfo ti fojú ara rẹ̀ wò ó kó tó sanwó, onílé ò sì ṣèlérí kankan fún un. Ayálégbé gbọ́dọ̀ san owó ilé.

Ẹ fi èyí wé tiwa. Yàrá òfìfo ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa ń gbà: fúláàtì ni o, mini-flat ni o, face-me-I-face-you ni o. Ohun tí ẹjọ́ kejì yẹn ń sọ fún yín ni pé tí ẹ bá ti sanwó láìwò, tí kò sì sí nǹkan kan nínú àgírímẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ yín ò rinlẹ̀ tó bí ẹ ṣe rò. Ti shortlet yàtọ̀, ìyẹn àwọn ilé tí wọ́n ti to bẹ́ẹ̀dì àti fíríìjì sí tí wọ́n ń gbà lójoojúmọ́. Ọ̀nà Marrable nìyẹn, ẹ lè béèrè owó yín padà láìbẹ̀rù.

Yàrá kan ṣoṣo ò ṣeé fín

Ìdí pàtàkì kan wà tí a fi ń sọ pé kí onílé kó ara rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ìdun nínú ilé oníyàrá púpọ̀, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ayálégbé kan ló kó o wọlé. Ká sọ pé ilé náà ní yàrá mẹ́wàá. Ìyá tó wà ní yàrá kẹrin sanwó, wọ́n fín tirẹ̀ ní Sátidé. Ìdun tí oògùn ò pa á gba abẹ́ ilẹ̀kùn àti ihò wáyà sá lọ sí yàrá kẹta àti ìkarùn-ún. Lọ́sẹ̀ méjì, yàrá kẹta ló ń fín, ni wọ́n bá padà wá sọ́dọ̀ ìyá. Owó ń lọ, ìdun ń pààrà. Nígbà tí gbogbo ilé bá fi máa náwó tán lẹ́yọ-lẹ́yọ, iye náà á ti ju èyí tó yẹ kí wọ́n fi fín gbogbo yàrá lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kò sí ayálégbé tó lè pàṣẹ fún ẹnìkejì pé kó kó ẹrù síta. Onílé nìkan ló lè ṣe é. Òun ló lè dá ọjọ́, kó pe àwọn afínlé, kó sì rí i pé pásééjì àti ibi àjùmọ̀lò wà lára iṣẹ́ náà. Owó rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó máa ń mú àlàáfíà wá ni kí onílé san ti pásééjì àti ti yàrá tó ṣófo, kí yàrá kọ̀ọ̀kan dá ti tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ̀ tí ò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ náà ló yẹ kó sanwó ìpadàbọ̀ wọn. Òfin kò kọ ìyẹn o, ìdájọ́ tiwa ni.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n padà wá lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì. Oògùn kì í sábà ran ẹyin ìdun, bẹ́ẹ̀ ẹyin yẹn máa ń pa láàárín ọjọ́ mẹ́fà sí mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Afínlé tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan ti tó, ẹ wá ẹlòmíràn. Kó tó dé, ẹ fi omi gbígbóná fọ aṣọ àti bẹ́ẹ̀díṣíìtì.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ má fẹnu lásán sọ ọ́

Ọ̀pọ̀ ayálégbé ló ti sọ ọ́ fún Bàbá Lánlọ́ọ̀dù lẹ́nu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kò sì sí ẹ̀rí kan. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí SMS, kí ẹ so fọ́tò mọ́ ọn. Kò yẹ kó dà bí ìwé ìjà. Bí àpẹẹrẹ:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ayálégbé yín nísàlẹ̀ ni, ilẹ̀kùn kejì lápá òsì. Láti ọjọ́ Ajé tó kọjá la ti ń rí eku ní kíṣìnì. Ibi tí páìpù omi gbà wọlé ni wọ́n ń gbà, fọ́tò rẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa rán bíríkìlà wá dí i, kí ẹni tó máa fín oògùn tẹ̀lé e. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ká kọ́kọ́ náwó rẹ̀, ká wá yọ ọ́ nínú owó ilé tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fèsì síbí, ká lè jọ mọ iye tí a fẹnu kò sí. Ẹ ṣé sà."

Gbólóhùn tó ṣáájú "Ẹ ṣé sà" yẹn ló ṣe kókó. Tí onílé bá fèsì pé "ó dáa", ẹ ti ní ìwé. Tí kò bá fèsì, ẹ má ṣe dá ara yín lárè kí ẹ yọ owó kankan nínú owó ilé, kí ẹ má sì dá owó ilé dúró. Tí ọ̀rọ̀ bá dé kọ́ọ̀tù, ẹ̀yin lẹ máa di onígbèsè, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí eku mọ́.

Onílé náà ò lè kàn já wọlé lójijì pé òun fẹ́ fín oògùn. Òfin ní ojúmọmọ ni, ní àkókò tó bójú mu, kó sì ti kọ̀wé sí yín ṣáájú. Tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ gbà á láyè.

Tí onílé bá kọ etí ikún, ìjọba ìbílẹ̀ yín ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká. Àwọn náà ni àwọn òbí wa ń pè ní wolé-wolé, àwọn tó máa ń yẹ inú àmù wò nítorí tanwíjí, tí gbogbo àdúgbò á sì ti máa gbálẹ̀ kí wọ́n tó dé. Iṣẹ́ wọn ò tíì parí. Wọ́n lè wá wo sọ́kàwéè tó ń tú tàbí ilé tí eku ti gbà, kí wọ́n sì kọ̀wé pàṣẹ fún onílé láti tún un ṣe. Tó bá jẹ́ aáwọ̀ lórí owó ni, Citizens' Mediation Centre tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ máa ń pe onílé àti ayálégbé jókòó láìgba kọ́bọ̀. Ẹ lọ síbẹ̀ kí ẹ tó ronú lọ́yà.

Ká má tan ara wa, ẹ̀rù ń ba àwọn kan láti fẹjọ́ sùn torí onílé lè ní kí wọ́n kó jáde. Òfin ò sọ pé kò lè fún yín ní nótíìsì. Àmọ́ oṣù mẹ́fà ni nótíìsì ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, tí àgírímẹ́ǹtì yín ò bá sọ ohun mìíràn, kò sì sí àyè fún ìpá. Onílé tó bá yọ páànù, tó ba ilé jẹ́ kí ayálégbé lè sá, tàbí tó ń halẹ̀ mọ́ ọn, ti ṣẹ̀ sí ìpín 44: owó ìtanràn tó lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Ọ̀yọ́, Ògùn, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì, òfin ìpínlẹ̀ yín kì í ṣe ti Èkó, nítorí náà ẹ má fi nọ́ńbà ìpín òkè yìí bá onílé yín jà. Níbi tí ẹ wà, àgírímẹ́ǹtì àti wolé-wolé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbára lé.

Oògùn tó ń pa èèyàn

Nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ sanwó, ayálégbé á sáré lọ ra èyí tó rọ̀ jù. Ibẹ̀ ni ikú wà. Sniper tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, dichlorvos ni, oògùn oko ni, kì í ṣe ohun tí à ń fín sínú yàrá tí ọmọ ń sùn. Ìdí nìyẹn tí NAFDAC fi fòfin de títa ike rẹ̀ kékeré, ti 100ml, lọ́jà àti nílé ìtajà lọ́dún 2019. Ọ̀tapíàpíà inú ike omi tí kò ní orúkọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí kò sí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni oògùn oníhóró tí àwọn oníṣòwò fi ń pa kòkòrò inú ẹ̀wà àti àgbàdo. Àwọn kan ń sọ ọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí ìdun. Gáàsì ló ń tú jáde lára rẹ̀, sílíǹ ilé wa kan náà sì lọ láti yàrá kìíní dé ìkẹwàá. Ẹni tó lò ó lè ti lọ sùn síbòmíràn, kí aládùúgbò rẹ̀ má jí.

Ẹ béèrè orúkọ oògùn lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ fín ilé yín, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ike rẹ̀, ẹ sì ní kó sọ wákàtí tí ẹ lè padà wọlé.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀kan jẹ́ lálẹ́, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ tan án sí ojú ihò ìṣó àti etí férémù. Ẹ fi ìka kan férémù ilẹ̀kùn, tó bá ń dún bí agbè òfìfo, ikán ti wà nínú rẹ̀. Ẹ wo abẹ́ síǹkì, ẹ gbóòórùn inú wọ́dúróòbù. Ẹ má bi ẹ́jẹ́ǹtì, kọmíṣọ́ọ̀n rẹ̀ ló ń wò. Ìyá tó ń dáná ní pásééjì ni kí ẹ kí dáadáa, kí ẹ bi í pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìdun wà nínú ilé yìí?"

Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n fi ìlà kan kún àgírímẹ́ǹtì kí ẹ tó buwọ́ lù ú: "Onílé yóò fín ilé yìí kí ayálégbé tó wọlé, kòkòrò tí a bá rí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ àkọ́kọ́ àti èyí tó bá gba ara òrùlé, ògiri, ìpìlẹ̀ tàbí sọ́kàwéè wọlé, onílé ni yóò sanwó rẹ̀, ìyókù, ayálégbé." Ó ṣeé ṣe kí ẹ́jẹ́ǹtì sọ pé òun ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ fún un ní bírò.